Ọmọ Tó Yege, Tí Kò Ríbi Wọlé

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ni JAMB tú èsì ìdánwò UTME sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi kò jìnnà sí ọjà Ìkòtún. Ariwo àwọn kọ̀ńdọ́ tó ń pe Ìyánà-Ìpájà àti Ìjẹ̀gun kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara ẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ tó kún inú ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tó bá ti tẹ UTMERESULT ránṣẹ́ sí 55019 á di fóònù mọ́ àyà, á dijú, á máa gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin wà láàárín wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ni mo bá gba fóònù náà. 287 ni mo rí níbẹ̀. Nínú 400! Mo pariwo, mo na ọwọ́ sókè, mo ní kí wọ́n gbé kíréètì mínírà kan wá fún gbogbo ilé. Àwọn tí èsì tiwọn kò dára pàápàá bá wa pàtẹ́wọ́.

Ọmọ náà kò pariwo. Ó wo fóònù, ó wò mí lójú, ó ní, “Dádì Ìgàndó, 320 ńkọ́?”

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Nínú gbogbo àwa àgbàlagbà tá a dáwó jọ, tá a yọ ọ́ kúrò nílé ìwé, tá a sì kó o lọ sí lẹ́sìnnì, òun nìkan ló ka ìlànà JAMB dé ìsàlẹ̀.

Ibi tí ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi kò rówó lọ sí girama. Akọ̀wé ló jẹ́ ní Ìbàdàn, ó ń kọ̀wé sí Rapid Results College, wọ́n ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ póòsì, ó ń kà á lábẹ́ àtùpà lẹ́yìn iṣẹ́. Bó ṣe gba GCE nìyẹn, iṣẹ́ méjì lọ́dún kan, ẹyọ kan lọ́dún kejì, títí ó fi pé. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó sílé tó kàwé dé òkè, bàbá mi á ní Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Nílé wa, GCE kì í ṣe ìdánwò lásán, oríkì ni. Mi ò jókòó rò ó rí pé ẹni tí ilẹ̀kùn ilé ìwé ti tì mọ́ lójú ni wọ́n ṣí ojú fèrèsé yẹn fún. Ọmọ tó wà nínú ilé ìwé, tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀, kí ló ń wá lójú fèrèsé?

Àbúrò mi ń ta ọ̀kíríkà ní Ẹgbẹ́dá. Ọmọ méjì ló bí. Oṣù Kejì ọdún 2009 ló bí èyí ọkùnrin, ó sì bí obìnrin yìí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010. Ọkùnrin ń gun kíláàsì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni gun àtẹ̀gùn. Obìnrin ní tirẹ̀ ń fò. Kòrónà ti ilé ìwé pa ní 2020. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i padà, ó ti Primary 4 bọ́ sí JSS1, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dọ́gba. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ a máa sọ ọ́ fún oníbàárà tó wá ra kóòtù.

Ẹni tó bá mọ Alímọ̀ṣọ́ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dùn létí. Ìkànìyàn ọdún 2006 ní a lé ní 1,200,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, a lé ní mílíọ̀nù méjì. Iye yòówù ká jẹ́, a bímọ. Láti Akówọnjọ́ dé Ẹgbẹ́dá, láti Ìdímù dé Ìkòtún títí wọ Ìgàndó, ó ṣòro kí o rìn lọ tí o kò ní rí báńnà lẹ́sìnnì kan lára ògiri tàbí òpó iná: fọ́tò ọmọ mẹ́fà, máàkì JAMB wọn lábẹ́ rẹ̀, nọ́ḿbà fóònù. Wọn kì í kọ ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni sí i.

Oṣù Keje ọdún 2024 ni àbúrò mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí SS1.

“Bùrọ̀dá mi, oní-lẹ́sìnnì kan ní Ẹgbẹ́dá ní kí n má wulẹ̀ dá a padà sílé ìwé mọ́. Ó ní kó jókòó ti GCE lọ́dún yìí, kó ṣe JAMB lọ́dún tó ń bọ̀, ó ti wọ yunifásítì nìyẹn. 180,000 ló máa gbà, fọ́ọ̀mù wà nínú ẹ̀.”

“Ṣé wọ́n máa gbà á pẹ̀lú ọjọ́ orí ẹ̀?”

“Ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.”

Èmi tí mo ń tẹ èsì jáde fún ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ta sí mi létí. N kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, “Kí ló burú níbẹ̀? Jẹ́ kó gbìyànjú ẹ̀.” Mo fi 60,000 kún owó náà. Bàbá mi ni mo ń rí lójú mi, pẹ̀lú àtùpà rẹ̀.

Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì mi láàárín oṣù yẹn kan náà. Ọjọ́ 18 oṣù Keje, ní ìpàdé tí JAMB ṣe pẹ̀lú àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Àbújá, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Tahir Mamman, ní ọmọ tí kò bá pé 18 kò gbọdọ̀ wọ yunifásítì. Àwọn tó wà níjókòó kùn, wọ́n sì fẹnu kò sí 16 fún ọdún náà. Ní oṣù Kẹjọ ó tún bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní WAEC àti NECO náà kò ní gba ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ orí. Ìlú gbóná. Àwọn òbí bú u ní ṣọ́ọ̀bù mi, èmi náà bá wọn bú u. Ní oṣù Kẹwàá ààrẹ yọ ọ́, Tunji Alausa gba ipò rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá, ọ̀rọ̀ 18 ti kúrò ńlẹ̀. Àbúrò mi pè mí, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi náà dúpẹ́.

A yọ̀ fún 18 tó lọ. Kò sẹ́ni tó rántí 16 tó kù.

Ọmọ kò padà sílé ìwé ní oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ SS2, wọ́n ń gba iwájú ilé wọn kọjá láàárọ̀ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù, òun ń wọ aṣọ ilé lọ sí lẹ́sìnnì, ó jókòó láàárín àwọn bùrọ̀dá àti àǹtí tí wọ́n ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó máa ń dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì títí àwọn ọmọ yẹn á fi kọjá tán kó tó jáde. Ìyá náà mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Ó rò pé ó máa tán lára ẹ̀.

Èsì GCE jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025: kírẹ́díìtì mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì àti Matimátíìkì wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo bá wọn tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi í sínú ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá bo ìwé, ó jáde gbígbóná, ó ń dán. Mi ò gbowó.

Lẹ́yìn náà, JAMB. Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ á kọ́kọ́ fi nọ́ḿbà NIN rẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù kí wọ́n tó fún un ní kóòdù. Láti ọdún 2021 ni JAMB ti so ìforúkọsílẹ̀ mọ́ NIN, ohun tó bá wà lára NIN náà ló máa yọ sójú kọ̀ǹpútà: orúkọ, fọ́tò, ọjọ́ ìbí. Kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ léèrè mọ́ pé ọmọ ọdún mélòó ni ọ́. Ní ibùdó tí wọ́n ti forúkọ ọmọ wa sílẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ dáwọ́ dúró, ó ní, “Mọ́mì, ọmọ yín ò tíì pé 16 o.” Àbúrò mi dá a lóhùn pé, “Ó mọ̀wé.” Ọ̀dọ́kùnrin náà gbé èjìká, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó sì mọ̀wé lóòótọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ka The Lekki Headmaster, ìwé Kabir Alabi Garba tí JAMB yàn fún ọdún náà, lẹ́ẹ̀mẹrin, ó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀ títí ewé ìwé náà fi ń ya. Lọ́jọ́ ìdánwò, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ní kó ti wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé e lọ ní ìdájí. Ìbéèrè 180 ni, Gẹ̀ẹ́sì 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù 40, 40, wákàtí méjì péré. Ó jáde, ó ní kò le. Lọ́dún yẹn, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ọmọ tó ṣe é, àwọn tí kò tó 200 lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. JAMB fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún pé àṣìṣe ṣẹlẹ̀ ní ibùdó 65 ní Èkó, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ibẹ̀ tún un ṣe. Ibùdó tiwa kò sí lára wọn. 287 tiwa jẹ́ 287 pọ́nńbélé.

Òfin tí kò sẹ́ni tó kà nínú àwa àgbàlagbà nìyí. Ẹni tó máa wọ yunifásítì lọ́dún 2025 gbọ́dọ̀ ti pé 16 kó tó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tí kò bá pé, àfi tó bá jẹ́ àràmàǹdà ọmọ: kó gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ní UTME, èyí tó jẹ́ 320, kó gba ìdá 80 nínú ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ máa ṣe fún un, kó tún gba irú rẹ̀ nínú WAEC tàbí NECO, ìjókòó kan ṣoṣo. Ọmọ wa kò pé 320. C5 àti C6 inú GCE rẹ̀ pàápàá kò lè gbé e débẹ̀. Ìgbà tí JAMB máa fi ka àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò pé tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dún yẹn, 41,027 ni. Àwọn tó gba 320 sókè nínú wọn jẹ́ 599. Lẹ́yìn tí wọ́n tún wo ìwé ẹ̀rí wọn, tí wọ́n pè wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, 85 ló kù.

Mo máa ń ro ti àwọn tó lé ní 40,000 yòókù. Ìyá tó ní “ó mọ̀wé” wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú wọn, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n ìyá kan tó ní “jẹ́ kó gbìyànjú ẹ̀” náà wà ńbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èsì, àbúrò mi dé lálẹ́, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ wa. Ẹnì kan ti sọ fún un pé wọ́n lè bá a yí ọjọ́ ìbí lára NIN padà, kí wọ́n lọ búra ní kóòtù pé àṣìṣe ni, pé 2008 ni wọ́n bí ọmọ. Ó ti kó owó rẹ̀ dání. Mo wo owó náà nínú ọ̀rá dúdú, n kò tíì mọ ohun tí mo máa sọ, nígbà tí ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e wá láti gbé ẹrù sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì.

“Mọ́mì, 2009 ni ẹ bí èmi. Tí ẹ bá bí òun ní 2008, ṣé èmi ni màá wá máa pè é ní àǹtí?”

Ẹ̀rín pa mí. Kò pa àbúrò mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sunkún, ó ní, “Bùrọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ní kó gbìyànjú ẹ̀.”

Òótọ́ ni.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni mọ̀lẹ́bí wa kan tó ń gbé ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, pè mí. Ọmọ tirẹ̀ náà ń ṣe ìdánwò àwọn àgbà nínú oṣù Karùn-ún, èyí tí wọ́n ń pè ní AP lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ girama ló ń ṣe é, iṣẹ́ yunifásítì ni wọ́n sì ń kọ́ wọn nínú rẹ̀. Láti nǹkan bí 70 ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Máàkì rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5, ẹni tó bá gba 3 sókè lè máà tún kọ́ iṣẹ́ yẹn mọ́ tó bá wọ yunifásítì. Inú mi dùn pé mo rí ẹni tá a jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà.

“Kíláàsì wo lẹ wá yọ ọ́ kúrò?” ni mo bi í.

“Yọ ọ́ kúrò kẹ̀? Ó wà ní kíláàsì ẹ̀. Inú ilé ìwé ẹ̀ ló ti ń ṣe é.”

Ó ní iṣẹ́ mẹ́ta ni ọmọ náà fẹ́ ṣe, òun ní kó ṣe ẹyọ kan, nítorí pé yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu èyí tó máa gbà àti èyí tí kò ní gbà. Òun ti kọ́kọ́ wo ti ibi tí ọmọ ń fẹ́ lọ. Méjì tó kù, wọn kì í gbà á níbẹ̀. “Kí ló máa wá fi ṣe?” ló ní.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó. Ibi tó ti parí ìṣirò tirẹ̀ kí ó tó san kọ́bọ̀, ibẹ̀ ni àwa dé lẹ́yìn tá a ti ná 180,000 tán. Wọ́n ń ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ níbí náà: IJMB wà láti 1976, ọwọ́ Yunifásítì Àmọ́dù Bẹ́lò ní Zaria ló wà, JUPEB dé lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ á lò ju oṣù díẹ̀ lọ nídìí iṣẹ́ mẹ́ta, tó bá ṣe dáadáa, á wọ 200 level tààrà. Àmọ́ ẹni tó ti jáde SS3 ló ń ṣe é. Kò sí èyí tó ní kí ọmọ ju yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní SS1.

Mi ò sọ pé kí ọmọ SS2 má ṣe GCE o. Mo ti rí àwọn tó ṣe é nínú ìsinmi, tí wọ́n fi mọ bí gbọ̀ngàn ìdánwò ṣe rí, tí wọ́n sì padà sí kíláàsì wọn ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Owó wọn ni wọ́n ná. Kò ba nǹkan kan jẹ́.

Ìṣirò tiwa ló burú. Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n bí ọmọ wa. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026, ó ṣì máa ku bí oṣù méjì kó pé 16. Nítorí náà, bí òfin yìí bá dúró bó ṣe wà, 2027 ni. Tí kò bá fo kíláàsì kankan láti Primary 4, 2028 ni ì bá parí SS3. Gbogbo wàhálà yẹn, fífò yẹn, lẹ́sìnnì, GCE, ọdún kan péré ló wà nínú rẹ̀, a sì ti fi ọdún náà gan-an jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì. Máàkì JAMB kì í sì í pẹ́: 287 ọdún 2025, ti 2025 ni. Tó bá di 2027, á tún un ṣe bí ẹni tí kò ṣe é rí.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 a dá a padà sí ilé ìwé tá a ti yọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ SS3. Ìyá rẹ̀ mú èsì GCE tó ń dán yẹn lọ, ó gbé e sórí tábìlì ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀gá náà kà á, ó yìn ín, ó dá a padà fún un. Ó ní òun kò ní máàkì SS2 kankan fún ọmọ yìí tí òun máa kọ sílẹ̀, SS2 ló máa wọ̀. Ó wọ SS2. Ọ̀sẹ̀ kìíní kò pé tí wọ́n fi sọ ọ́ ní “Àǹtí GCE.” Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù JAMB ti 2026 jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti wà ní SS3. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e wá, ó ní òun fẹ́ ṣe fọ́tókọ́pì nóòtì. Ọmọkùnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gba kóòdù, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń pa á rẹ́. Ọmọbìnrin náà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ NIN, ó fi àyè kan sílẹ̀, ó tẹ nọ́ḿbà mọ́kànlá náà láti orí ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú dání, ó fi ránṣẹ́ sí 55019. A dúró. Fóònù dún.

Ó kà á. Ó wo ọjọ́ ìbí tó wà lórí ìwé náà, ó fi ìka ka oṣù díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì.

“Tìẹ ti pé,” ló wí, ó sì dá fóònù padà fún un. Ó wá bi mí pé èló ni fọ́tókọ́pì ojú ìwé mẹ́rìnlélógún.

Mo ní kó lọ. Kò lọ. Ó ka owó náà sórí gíláàsì, níkọ̀ọ̀kan.